Ẹyẹlé Ni, Kì í Ṣe Èédú

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Sosnowa,
                                        Krzywa Dolina,
                                        Nítòsí Rybnik,
                                        Pólàndì.

                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹfà, 2018.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Norbert,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà ilẹ̀ àjèjì. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Duisburg? Ìyàwó yín Ulrike ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún nígbà òtútù ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ọmọ wa Lena ńkọ́? Màámi ní kí n béèrè bóyá eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà, àti bóyá ẹ ṣì ń bá a sọ èdè ilé. Ó dá mi lójú pé ẹ kì í bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti béèrè bí wọ́n ṣe rán mi. Iṣẹ́ yín nílé ìyọ́rin ńkọ́? A gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dá àwọn kan dúró níbẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó kàn yín.

Ẹ ó máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo fi mú bírò dípò fóònù. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìjà la máa ń bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ mi, ẹ ó sì pa á mọ́ mi létí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ògiri ilé wa kò nípọn, mi ò sì fẹ́ kí Bàbá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi. Erich awakọ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì Jámánì ni mo fi ìwé yìí rán sí yín, kó lè tètè dé ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú.

Bàbá ti dé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi, irú ẹ̀rù tí kò bà mí rí nísàlẹ̀ kòtò èédú. Dókítà ti rí ohun tó ń fún Bàbá lọ́rùn. Kì í ṣe èédú. Àwọn ẹyẹlé wa ni. Bí Bàbá bá tún ń wọ ilé ẹyẹlé, ẹ̀dọ̀fóró wọn yóò máa gan sí i bí awọ bàtà tí òjò pa tí a tún sá sóòrùn, títí a ó fi sin wọ́n. Bí wọ́n bá yẹra fún ẹyẹlé pátápátá, ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà dúró síbi tó dé. Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Bàbá, ẹ sì mọ ohun tí ẹyẹlé jẹ́ nílé wa.

Ikọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu Bàbá nígbà tí ẹ padà lẹ́yìn Kérésì kò lọ. Ẹ ní tábà ni. Bàbá ní atẹ́gùn ni. Nígbà tí yìnyín máa fi yọ́, wọn ò lè gun àkàbà ilé ẹyẹlé mọ́ láìdúró mí hẹlẹ lágbedeméjì. Dókítà tó wà lábúlé níhìn-ín wo àpá dúdú tí èédú dá sí wọn lọ́wọ́, ó mi orí, ó ní ohun tó ń pa awakùsà náà ni, eruku èédú. Ta ni ì bá jiyàn? Ẹni tó jáde látinú odò tí ara rẹ̀ tutù, a kì í bi í léèrè bóyá òjò ló pa á.

Lákòókò yẹn gan-an ni ilé ìwòsàn ẹ̀dọ̀fóró kan tó wà lórí òkè ránṣẹ́ sí àwọn abúlé awakùsà pé àwọn ń ṣe ìwádìí. Wọ́n ní oògùn tuntun kan wà tó lè má jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí eruku èédú ti bà jẹ́ máa gan sí i, àwọn sì ń wá ẹni tí àwọn yóò fi dán an wò. Apá kan àwọn aláìsàn yóò máa lo ojúlówó, apá kejì yóò máa lo èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, àwọn dókítà tó ń tọ́jú wọn kò sì ní mọ ẹni tó ń lo èwo títí ìwádìí yóò fi parí. Ẹni tó bá sú lè kúrò níbẹ̀ nígbàkígbà. Bàbá kọ́kọ́ fàáké kọ́rí, wọ́n ní àwọn kì í ṣe eku. Màámi sunkún títí wọ́n fi gbà. Alfons Kuczera tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́yẹlé wa náà forúkọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn awakùsà mìíràn tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa.

Kí wọ́n tó lọ, gbogbo wọn pàdé ní ilé ẹgbẹ́, níbi tí a ti máa ń kó ẹyẹlé sínú apẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ síbi ìdíje. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń tún apẹ̀rẹ̀ ṣe. Kuczera sọ fún wọn pé àna òun kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti ta òun lólobó. Ó ní wọ́n máa bi olúkúlùkù bóyá ó ń sin ẹyẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ó rán wọn létí ọdún tí àrùn ẹyẹ dé, tí àwọn oníṣègùn ẹran láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá ti gbogbo ilé ẹyẹlé pa, tí àwọn ẹyẹlé wa jókòó sínú òkùnkùn látìgbà ìrúwé títí di ìgbà ìkórè, tí wọ́n sanra bí adìyẹ àsè. Ó ní bí dókítà bá ti gbọ́, ìjọba náà gbọ́ nìyẹn. Ẹnì kan béèrè pé kí ni ẹyẹlé ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró gan-an. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá àwọn fi irùngbọ̀n funfun kú sáàárín ẹyẹlé. Wọ́n bu bíà mu lé e lórí, àdéhùn ti wọlé. Ẹ mọ bí àdéhùn àwọn ará kòtò ṣe rí. Ẹni tó bá já a, kó yáa lọ wá abúlé mìíràn.

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ, tí àwọn dókítà bi wọ́n léèrè, tí gbogbo wọn sì ní àwọn kò sin nǹkan kan ju ajá lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn yẹn dà bí iṣẹ́ ìyanu. Bàbá tí kò lè rin ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tán bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn lọ gba ìwé ìròyìn. Bí èmi àti Màámi bá lọ wò wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, àwàdà la máa ń bá lẹ́nu wọn. Ibùsùn Kuczera ló tẹ̀ lé ti Bàbá, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Ewald," ló wí lọ́jọ́ kan, "ojú àánú ni wọ́n fi wò ọ́, ojúlówó ni tìrẹ. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń fún èmi jẹ. Bí mo bá wúkọ́ báyìí, mo lè fi kọ ìṣirò sára ògiri."

Bàbá dá a lóhùn pé, "Kí wọ́n tiẹ̀ fún ọ ní ojúlówó, ta ni yóò mọ̀? Ẹnu rẹ yẹn á ti fẹ́ ẹ dànù kó tó dé ikùn."

Inú wa dùn débi pé Màámi lọ tan àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí oṣù Karùn-ún wọlé, wọ́n jẹ́ kí Bàbá wá sinmi nílé díẹ̀. Ìdíje ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Wọn ò tíì mu tíì tán tí wọ́n ti wọ kóòtù tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹyẹlé, wọ́n gun òkè, wọ́n sì ń ha ìgbẹ́ kúrò nílẹ̀, wọ́n ń kọrin. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń gbọ̀n, ara wọn gbóná, àyà wọn ń dún bí fèrè. Màámi ní òtútù ló mú wọn. Èmi bínú sí awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbé wọn wálé, pé ó ṣí fèrèsé sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn, ara wọn tún yá. Wọ́n tún wá sílé lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀.

Dókítà tó ń darí ìwádìí náà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, Jagna Wierzbińska lorúkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dijú mágbárí. Ó bi Bàbá bóyá wọ́n ń lo oògùn náà nílé. Bàbá bínú, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé. Ó wá pè mí sẹ́yìn, ó sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun pé oògùn náà ló ń ṣe Bàbá léṣe, pé bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò yọ wọ́n kúrò nínú ìwádìí. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. A ti gbà pé oògùn yẹn ni okùn kan ṣoṣo tó so Bàbá rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, kóòtù ló tú àṣírí. Ẹ kò tíì gbàgbé pé a kì í fọ kóòtù ẹyẹlé lásìkò ìdíje, nítorí ẹyẹlé tó rẹ̀, tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, bó bá rí aṣọ tí kò mọ̀, orí òrùlé ni yóò bà sí, àwọn ẹlòmíràn yóò sì gba ipò kìíní. Ẹ rántí ọdún tí Màámi fi kóòtù náà sómi lóṣù Keje, tí Bàbá kò bá wọn sọ̀rọ̀ títí a fi wa ọ̀dùnkún. Bàbá ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́rú kan pé àwọn kò rí oorun sùn, pé òórùn ọṣẹ ilé ìwòsàn ń rin àwọn, kí Màámi bá àwọn mú kóòtù náà wá. Màámi ká a sínú àpò pẹ̀lú kołocz, àkàrà òyìnbó tí wọ́n yan, wọ́n sì gbé e lọ. Bàbá fi ṣe ìrọ̀rí.

Nígbà tí a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ti ki rọ́bà atẹ́gùn sí Bàbá nímú. Ètè wọn dúdú bí èso púlọ́ọ̀mù. Dókítà Wierzbińska wọlé, ó wo ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó ní ó tán, òní ni òun yóò dá oògùn náà dúró. Ó wá fẹ́ gbé Bàbá jókòó kó lè fetí sí ẹ̀yìn wọn, ló bá fa kóòtù náà kúrò lábẹ́ orí wọn. Oòrùn ń ràn wọlé láti ojú fèrèsé. Ohun funfun kan tú jáde lára kóòtù náà bí ìyẹ̀fun, ó ń fò lọ fò bọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Dókítà dúró gbagidi.

"Kí ni èyí?"

Bàbá ní kóòtù iṣẹ́ ni.

"Iṣẹ́ wo?"

Kuczera yára dáhùn láti orí ibùsùn kejì. "Iṣẹ́ kòtò ni, Dókítà. Awakùsà kì í kó aṣọ rẹ̀ dànù, bí ìyàwó ló ṣe rí lójú wa."

"Ṣé funfun ni èédú tẹ̀yin lábúlé yín?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìyẹ́ kékeré kan lọ́rùn kóòtù, ó gbé e síwájú Bàbá, ó sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ṣé wọ́n ń sin ẹyẹ. Bàbá wo ògiri, wọ́n ní rárá. Màámi ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn kíkankíkan. Mo wo ètè Bàbá. Mo wo Kuczera tó ń ṣẹ́jú sí mi.

Mo ní, "Kóòtù ẹyẹlé ni. Gbogbo wọn ló ní ẹyẹlé. Bí ẹ bá rí ilé tí kò sí ẹyẹlé ládùúgbò wa, ilé àlùfáà ni."

Kuczera pè mí ní Júdásì. Bàbá dùbúlẹ̀ padà. Wọ́n di ojú wọn, wọn ò sì ṣí i títí a fi lọ.

Dókítà mú mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kò lo èdè ìwé. Ó ní eruku tó wà lára ìyẹ́ àti nínú ìgbẹ́ ẹyẹlé kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní nǹkan, ṣùgbọ́n ara àwọn kan kórìíra rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró sì ni ara ti ń bá a jà. Bí ìjà náà bá pẹ́, bí ẹni ń jó ilé rẹ̀ nítorí eku ni, ilé náà á di àpá lásán. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Bàbá, èsì rẹ̀ sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti pẹ́ lójú ogun pẹ̀lú ẹyẹlé. Wọ́n tún àwòrán àyà wọn yẹ̀ wò. Eruku èédú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kékeré ni, kì í ṣe òun ló ń gba èémí lẹ́nu wọn.

Mo rò pé inú dókítà yóò dùn pé ó ti rí i. Ńṣe ló di orí rẹ̀ mú.

"Rajmund," ló wí, "mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn náà ń pa bàbá rẹ. Bí mo bá kọ ọ́, a lè sọ oògùn tó máa gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là nù nítorí kóòtù kan. Mélòó ló tún ń parọ́ fún mi nínú àwọn tó wà níbí?"

Mo ní kó lọ bi wọ́n. Ó bi wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbọ́ èsì ẹ̀jẹ̀ Bàbá, àwọn kan jẹ́wọ́, wọ́n ń wolẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Kuczera ní òun kò ní ẹyẹ kankan, kí wọ́n má ṣe da òun láàmú. Ní ti Bàbá, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ìwádìí nítorí àìsàn tí wọ́n ń wá kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n fún wọn ní oògùn mìíràn, wọ́n sì sọ fún wa pé oògùn kankan kò lè ṣiṣẹ́ bí ẹyẹlé bá wà. Kóòtù náà, dókítà dì í sínú ọ̀rá, kò dá a padà fún wa.

Ohun tó dun Bàbá jù, ẹ lè rò pé ẹyẹlé ni. Òun kọ́. Nínú ọkọ̀ tí a fi ń bọ̀ wálé, Màámi ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé èmi tí mò ń wakọ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kòtò ni mo bá jà láti kékeré. Bí mo bá kú, ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹyẹlé ló pa mí." Ó yé mi. Ẹni tí kòtò bá pa, ẹgbẹ́ afunfèrè kòtò a wá, pẹ̀lú fìlà oníyẹ̀ẹ́ dúdú, gbogbo abúlé á sì ṣí fìlà. Ta ni yóò fun fèrè fún ẹni tí ẹyẹlé pa? Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ fèrè kankan. Mo fẹ́ kí Bàbá wà láàyè kí wọ́n máa bínú sí mi.

Wọ́n sì ń bínú. Láti ọjọ́ tí mo ti la ẹnu mi nílé ìwòsàn, Bàbá kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Bí wọ́n bá fẹ́ iyọ̀, Màámi ni wọ́n ń sọ fún, kí Màámi tó sọ fún mi. Níta náà kò sàn. Bí a bá wọ inú àgò irin tó ń sọ̀ wá kalẹ̀ sínú kòtò, àwọn tó jẹ́ ẹlẹ́yẹlé a kí gbogbo ènìyàn pé kí Ọlọ́run bùkún wọn, wọ́n a sì fò mí dá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé Kuczera ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti wálé fún ìsinmi. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, ó ní kí ọlọ́jà ṣọ́ra, ẹni tó ta bàbá rẹ̀ ló ń ra búrẹ́dì yìí.

Mo ní, "Bàbá mi ṣì ń mí. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Kuczera?"

Ó fẹ́ dá mi lóhùn, ikọ́ gbà á. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó gbá ọwọ́ mọ́ tábìlì. Inú mi kò dùn sí i, ẹ̀gbọ́n mi. Mo dúró tì í títí ó fi rí èémí mí, mo sì gbé ẹrù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò dúpẹ́. Òun náà ni mò ń bẹ̀rù fún.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹlé ló kù. Ẹ mọ̀ pé ẹyẹlé ìdíje kò ṣeé fún ènìyàn bí adìyẹ, ibi tí wọ́n ti bí i ni yóò máa padà sí. Àwọn kan ní kí n fi wọ́n se omi ọbẹ̀. Mo mú ọ̀kan dání, mo sì rí i pé ọkàn rẹ̀ ń lù kì kì kì ní àtẹ́lẹwọ́ mi, mi ò lè ṣe é. Mo wá rí ọkùnrin kan lápá Opole tó gbà láti kó wọn. Nígbà tí mo sọ ọ́ lórí tábìlì oúnjẹ, Bàbá kò gbé ojú kúrò nínú ọbẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mi orí. Mo kó gbogbo wọn lọ. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kò gbọ́dọ̀ tú wọn sílẹ̀ láéláé, pé ọmọ tí wọ́n bá pa lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ló lè fò. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ àná. Lẹ́yìn náà, èmi àti Màámi fi omi àti ọṣẹ fọ gbogbo ilé, àjà, aṣọ fèrèsé, ohun gbogbo. Mo ti ilé ẹyẹlé pa.

Ọkùnrin ará Opole yẹn rò pé àgbàdo òun dùn ju tiwa lọ. Lánàá, ó tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n na ìyẹ́. Kó tó rántí pè mí, wọ́n ti dé.

Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ìṣòro kó yẹrí. Lánàá ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lè ba ènìyàn lẹ́rù. Wọ́n tò sí etí òrùlé ilé ẹyẹlé, ní ọ̀kánkán fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n la ẹnu nítorí òùngbẹ. Abo aláwọ̀ eérú tó gba ife ẹ̀yẹ fún Bàbá ń fi àgógó kan ilẹ̀kùn tí mo tì, ó ń kàn án, ó ń sinmi, ó tún ń kàn án. Bàbá wà lójú fèrèsé, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì. Mo bu omi sínú àwo, mo sì ń lọ síbi àkàbà. Mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn kí àwọn ẹyẹlé lè wọlé mu omi, kí n tún kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí fèrèsé ṣí lẹ́yìn mi.

"Mundek."

Láti ilé ìwòsàn, Bàbá kò pe orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé yìí. Mo yíjú padà.

"Má ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Mo ní òùngbẹ ń gbẹ wọ́n.

"Mo rí i. Má ṣí i. Tí o bá ṣí i, èmi náà yóò wọlé tọ̀ wọ́n."

Wọ́n ti fèrèsé. Mo gbé àwo omi náà kalẹ̀ sórí koríko lọ́nà jíjìn sí ilé, mo sì dúró níbẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe dúró pẹ́ tó.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Ẹ wá. Ẹ má sọ fún mi pé iṣẹ́ kò gbà. Ẹ gbé ọkọ̀ ńlá tí ẹ fi ń kó irin yẹn bọ̀, ẹ kó àwọn ẹyẹlé yìí lọ síbi tí ènìyàn gidi yóò ti ti wọ́n mọ́lé fún mi, tàbí kí ẹ ṣe ohun tí ọwọ́ mi kò lè ṣe sí wọn. Èyí ó wù kí ẹ yàn, mi ò ní bi yín léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ dé kó tó di ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ náà, wọ́n máa tú ẹyẹlé gbogbo ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ní Jámánì, gbogbo ọkùnrin abúlé yìí yóò sì dúró lójúde, wọ́n á máa wo òkè. Mi ò fẹ́ kí Bàbá nìkan jókòó nílé lákòókò yẹn. Èmi nìkan kò tó láti bá wọn jókòó, torí ọ̀rọ̀ mi kì í dùn létí, ẹ̀yin lẹ mọ bí a ṣe ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi kí Ulrike, kó má bínú pé mò ń gba ọkọ rẹ̀. Ẹ fi ẹnu ko Lena lẹ́rẹ̀kẹ́ fún wa. Màámi ń kí yín, wọ́n ní kí ẹ má gbàgbé kóòtù òtútù yín tí ẹ fi sílẹ̀, àwọn ti fọ̀ ọ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé Bàbá ń kí yín, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé, mi ò sì ní parọ́ mọ́ wọn.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, àwọn ẹyẹlé ṣì wà lórí òrùlé. Bàbá ti gbé àga wọn yí padà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ bí ó ṣe lè pẹ́ tó tí ènìyàn yóò fi lè kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé ara rẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín olórí kunkun, tiyín títí ayé,

Rajmund Gawliczek.